Omi ló ń wó ilé wa, dẹfẹ́lọ́pà ni mo ń bá jà

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jà kí wọ́n má baà wó ilé bàbá wa. Wọn ò wó o lóòótọ́. Àmọ́ kí n tó jàre tán, igun kan nínú rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ wó. Mo ń kọ èyí nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan wà níbì kan báyìí tó ti ha fáìlì sábẹ́ abíyá, tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn nítorí ilé àtijọ́ kan, tí kò sì tíì gun òrùlé ilé náà wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, alájà kan, láàárín ìgboro. Bíríkì amọ̀ sísun ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ síta. Bákóònì onígi wà níwájú, wọ́n gbẹ́ igi rẹ̀ bíi léèsì. Bàbá bàbá wa ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà ló jọra. Nígbà tí bàbá wa máa fi kú, tiwa àti ọ̀kan lódìkejì ló kù. Àwọn yòókù ti di ilé gíga.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni lẹ́tà dẹfẹ́lọ́pà dé. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ alájà méje síbẹ̀, kí wọ́n fún wa ní àjà méjì àti owó díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí a gbà á. Àbúrò wa obìnrin ní kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kí a tó dáhùn. Èmi dìde, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wó mi ná.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ilé nìkan ló gbé mi dìde. Àwa mẹ́ta ni bàbá wa bí, èmi ni mo wà láàárín. Ẹ̀gbọ́n lówó, àbúrò kàwé ju gbogbo wa lọ, wọn kì í sì í fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Ilé yẹn ló wá sọ mí di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá ń jà fún ilé àtijọ́, ẹ bi ara yín léèrè lóru ọjọ́ kan, kí ẹ má sì parọ́: ṣé ilé ni ẹ ń jà fún, àbí àyè yín nínú ẹbí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo ka ti Pennsylvania Station ní New York, ibùdókọ̀ ojú irin gàgàrà tí wọ́n ṣí ní 1910, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní 1963, tí ẹ̀dùn rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìlú náà ṣòfin láti dáàbò bo ilé àtijọ́ ní 1965. Mo ka ti Grand Central, ibùdókọ̀ mìíràn ní ìlú kan náà, tí àwọn tó ni ín fẹ́ kọ́ ilé gogoro lé lórí, tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí ìlú sì jàre ní 1978. Kò sí ìpàdé ẹbí tí mi ò ti ń dárúkọ Grand Central. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ibùdókọ̀ ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ni?"

Ìdajì ìtàn yẹn ni mo kà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó ka ìdajì kejì: lára ohun tí ilé ẹjọ́ wò ni pé ibùdókọ̀ náà ṣì ń mówó wọlé fún àwọn tó ni ín, àti pé òfin gbà wọ́n láyè láti gbé ẹ̀tọ́ àtikọ́ ilé gíga tí wọn ò lè lò níbẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ mìíràn nítòsí. Wọ́n ní kí onílé má fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ronú ohun tí onílé máa jẹ. Èmi ò ronú ohun tí ẹnikẹ́ni máa jẹ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án" nìkan ló wà lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi tọ ìwé tó máa sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó. Lẹ́tà, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí, "ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé". Ọjọ́ tí mo gbà á, mo fi í sínú férémù, mo gbé e lọ sí pálọ̀ òkè láti gbé e kọ́. Mo fi ìṣó lé ògiri, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó náà wọlé bí ìgbà tí èèyàn gún ọṣẹ. Kò tiẹ̀ dún. Ìrẹ́lé tó wà níbẹ̀ já bọ́, inú rẹ̀ dúdú, ó tutù. Mo fọwọ́ kàn án, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò. Mo wá sún sókè díẹ̀, mo rí ibi tó le, mo kan ìṣó mi síbẹ̀. Férémù náà wá bo ibi tó já dáadáa.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ilé fi ẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fi ìwé bò ó lẹ́nu.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ìwé kì í gbé òrùlé ró. Ìlójo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní àrà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ti wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ìwé tèmi ò burú, ó dá katakata tó fẹ́ wólé dúró. Àmọ́ mi ò bèèrè ẹni tó máa sanwó àtúnṣe kí n tó lọ gbà á. Owó kankan ò bá a wá. Ohun tó bá a wá ni pé a ò lè pààrọ̀ fèrèsé kan láìgba àṣẹ, àṣẹ náà sì ń fẹ́ àwòrán látọwọ́ ayàwòrán ilé, ayàwòrán ilé sì ń fẹ́ owó.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi ìṣó kan kan nǹkan kan mọ́ nínú ilé yẹn. Lọ́yà tiwọn ní bí ẹ̀gbọ́n bá tún un ṣe, ó ti gbà pé ilé náà kò gbọdọ̀ wó nìyẹn. Lọ́yà tèmi ní bí mo bá náwó sí i láìbá àwọn yòókù sọ ọ́, wọ́n lè ní mo fẹ́ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún méjì la fi ń wo ara wa bẹ́ẹ̀. Òjò ò wo ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ láàárín yín, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí lọ́yà bá yín kọ ni àdéhùn kékeré kan pé ẹni tó bá di ojú ibi tó ń jò kò tíì gba ilé, kò sì tíì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù. Ojú ìwé kan ló máa gbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Nígbà tí àbàwọ́n ara ògiri wá kọjá ohun tí férémù lè bò, mo ṣe àṣìṣe tó burú jù. Mo pe bíríkìlà kan, ó ní kí a ha ìrẹ́lé àtijọ́ dànù, kí a fi símẹ́ǹtì tó ki rẹ́ ẹ, kí a wá fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún kí omi má lè wọ̀ ọ́ mọ́. Mi ò gba àṣẹ. Èmi tí mo fi òfin dá àwọn ẹlòmíràn dúró, alẹ́ Sátidé ni mo rú u, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ògiri náà dán gbinrin. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ní, "Ó dára o, bọ̀dá mi. Ibo ni omi náà ti ń wá?" Mo rò pé ó ń jowú ni.

Kò pé ọdún kan tí ògiri náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹnì kan júwe bàbá bíríkìlà kan fún mi tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ ilé àtijọ́ í tún ṣe. Bàbá náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ń fi oríkèé ìka kan ògiri láti ibì kan dé ibì kan, ó ń dẹtí sí i bí ẹni ń yan àgbọn. Níbi tó bá dún pó, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Kò pẹ́ tí gbogbo ògiri fi kún fún àmì. Ó ṣí símẹ́ǹtì náà níbì kan, ó jábọ́ lódindi bí àwo, ojú bíríkì sì bá a lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha bíríkì tó kù, lẹ́búlẹ́bú pupa ń dà sílẹ̀.

"Ẹ ti dí i lẹ́nu," ni gbogbo ohun tó kọ́kọ́ sọ.

Ó wá ṣàlàyé. Láìmù ni wọ́n fi mọ irú ilé yẹn, òun náà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ: òkúta ẹfun tí wọ́n sun níná, tí wọ́n wá fi omi pa. Ọ̀rinrin máa ń wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gba ara láìmù jáde nítorí láìmù rọ̀, ó sì ń mí. Símẹ́ǹtì le jù ú lọ. Bí ògiri bá yí díẹ̀, símẹ́ǹtì kì í tẹ̀ lé e, ṣe ló máa ń sán. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rọ́nà jáde, á dúró sínú bíríkì. Iyọ̀ tó wà nínú omi náà á wá dì sábẹ́ símẹ́ǹtì, á máa ti ojú bíríkì bọ́ níwọ̀n-níwọ̀n. Ohun tí mo rò pé mo fi ń ṣọ́ ògiri gan-an ló ń jẹ ẹ́. Ó kọ́ mi ní bí èèyàn ṣe ń dá wọn mọ̀: ẹ fi orí ìṣó ha á. Láìmù á gbà fún ìṣó, símẹ́ǹtì á dún gàràrà.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé àkàbà wá. Ẹni àádọ́rin ọdún gun òrùlé, èmi dúró nísàlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ gọ́tà títí dé ìgbúnwọ́, ó ń kó ewé àti ẹrẹ̀ jù sílẹ̀. Ó wá ju nǹkan kan sí mi, mo hán an. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni, ó ti dúdú. Ẹnu páìpù tó ń gbé omi òjò wálẹ̀ ló há sí, ó ṣe rẹ́gí bí ìdérí. Ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀ ni mi ò lè sọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni gbogbo òjò tó ń rọ̀ sí ìdajì òrùlé wa ti ń ṣàn gba inú ògiri lọ. Mo ti ṣe fáìlì mẹ́rin. Lọ́yà méjì ni mo ti sanwó fún.

Ó ti pẹ́ jù fún igun kan nínú ilé náà. Òru ọjọ́ kan ni igun náà àti apá kan bákóònì wó. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó háyà ìsàlẹ̀ ló wó lé. Kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjì wà lábẹ́ bíríkì, aṣọ àwọn oníbàárà wà lábẹ́ bíríkì. Mo dé ní ìdájí, mo bá a tó ń fọwọ́ kó bíríkì. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi di apá kejì mú." A jọ gbé ẹ̀rọ náà síta, apá rẹ̀ ti kán. Nínú gbogbo ìwé tí mo kọ fún ọdún mẹ́ta, orúkọ ọkùnrin yẹn ò sí níbì kankan.

Lẹ́yìn èyí ni a tó jókòó sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Àbúrò mi mú ayàwòrán ilé kan wá, ó ní kí ó bá wa rìn yíká, kó sì fi ohun tó jẹ́ àtijọ́ àti ohun tí kì í ṣe àtijọ́ hàn wá. Kò sẹ́ni tó ti bèèrè ìyẹn rí. Wó o tàbí má wó o ni gbogbo wa ń sọ. Ilé iwájú, àtẹ̀gùn àti òrùlé rẹ̀ ni ojúlówó. Gbogbo ẹ̀yìn, títí kan yàrá tí mo fi omijé júwe rẹ̀ nínú lẹ́tà mi sí ìjọba, búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì ni. Bàbá wa ló kọ́ ọ nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí èmi náà tó lè rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni ojútùú ti wá: kí a wó ẹ̀yìn, kí a kọ́ alájà mẹ́rin síbẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí ilé iwájú kó má gorí rẹ̀, kí owó tuntun tún ti àtijọ́ ṣe. Àwọn kan máa ń fi ojú ilé nìkan sílẹ̀, wọ́n á hó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á kọ́ gogoro sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn gbé agọ̀ wọ òkú ni. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní pariwo mọ́ pé ilé tuntun ò dára. Níbi tí èèyàn mẹ́ta ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdílé mẹ́rìndínlógún ló ń sùn síbẹ̀ báyìí, àwọn náà nílò ibi tó sún mọ́ iṣẹ́ wọn.

Nínú àdéhùn, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n máa tún ilé iwájú ṣe "lẹ́yìn tí ilé tuntun bá parí". Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Àbúrò mi ló yí i padà: òrùlé àti gọ́tà ilé àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí ṣọ́bìrì tó bọlẹ̀ lẹ́yìn. Owó kì í ṣẹ́ kù ní ìparí iṣẹ́.

Ohun tí òun pẹ̀lú ò rántí ni fọ́tò. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́yìn, ìlà tínrín yọ lára ògiri wa. Kọ́ńtírákítọ̀ ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò ní fọ́tò kankan tó ní déètì láti fi já a nírọ́. Ẹnjiníà kan ló gbà wá: ó gé gíláàsì tínrín, ó lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún àti òsì ìlà náà, ó kọ déètì sí i. Bí ògiri ò bá rìn, gíláàsì á wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n wá ń gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́ ní bíi mítà kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń fi kọnkéré kún un kí wọ́n tó gbẹ́ ibòmíràn. Kọ́ńtírákítọ̀ ló san án, nítorí gíláàsì tí ò tó owó kankan.

Lórí bákóònì tó wó, mo tún jìyà àìní àkọsílẹ̀. Wọ́n fọ́ ìlú Warsaw àtijọ́ túútúú ní 1944. Lára ohun tí wọ́n fi tún un kọ́ ni àwọn àwòrán ilé tó wà nípamọ́ àti àwòrán tí ayàwòrán Bernardo Bellotto ti kùn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. UNESCO sì gbà á sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1980. Àwa ò ní nǹkan kan. Ẹni tó kú ló mọ bí igi yẹn ṣe rí. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí wa ni káfíńtà fi ṣe é, orí àwọn àlejò sì bo ìdajì iṣẹ́ ọnà náà. Ìdajì kejì, àfòye ni. Bí ẹ bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ mú tépù ìwọ̀n lónìí, ẹ wọn fèrèsé, ẹ wọn igi, ẹ ya gbogbo igun rẹ̀ pẹ̀lú rúlà tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà bí ẹ bá fẹ́ tà á.

Télọ̀ ò padà wá. A ò kọ orúkọ rẹ̀ sínú àdéhùn, owó ilé sì ti wọ́n ju ohun tó lè san lọ. Ọ́fíìsì lọ́yà ló wà níbẹ̀ báyìí, ó mọ́, ó tutù. Mo san owó ẹ̀rọ náà fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, kò sì bèèrè bí ilé ṣe wà.

Àbúrò mi ń gbé lájà kẹrin ilé tuntun. Láti fèrèsé rẹ̀, ó ń rí gbogbo òrùlé ilé àtijọ́ kedere, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí ní gbogbo ayé wa. Lánàá, òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó pè mí.

"Bọ̀dá mi, omi ń kún kọjá gọ́tà lápá òsì o."

Mo ní kó ràn mí lọ́wọ́ wò ó dáadáa, ṣé ewé ni.

"Ó dà bí ewé. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù."

Mo wọ bàtà òjò, mo lọ gbé àkàbà.